Ọmọ ń rẹ̀wẹ̀sì ní kíláàsì: ṣé iṣẹ́ tíṣà ni, àbí ti dókítà?

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Lugbe ni mo ti ń kọ́ni, Físíìsì ni mo ń kọ́. Alága ilé-ìwé wa ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá ní Sátidé fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlera ọpọlọ àwọn ọmọ. Sátidé o! Owó oṣù tó kọjá ò tíì wọlé, ọmọ 49 ló wà ní SS1 mi, wọ́n tún fẹ́ sọ mí di dókítà ọpọlọ. Ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó tún mọ̀ pé inú ọmọ ò dùn? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má wàásù fún mi.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Físíìsì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè yín. Ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù kò lẹ́nu àtigba Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tán.

Àmọ́ ti pé wọ́n fẹ́ sọ yín di dókítà yẹn, ibẹ̀ la ò ti ní gbà fúnra wa. Mo ti ń ṣe kánsẹ́lọ̀ ní ilé-ìwé kan ní Kubwa fún ọdún mọ́kànlá, Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ kí wọ́n tó gbé mi débẹ̀. Títí dòní, mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ọmọ lágbájá. Kì í ṣe iṣẹ́ mi. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọ yìí kì í ṣe bó ṣe rí lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin náà lè sọ ọ́. Ẹ tilẹ̀ lè sọ ọ́ jù mí lọ, torí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń rí i, èmi kì í rí i àfi tó bá ti dá wàhálà sílẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní tí a bá kó gbogbo àìsàn ọpọlọ jọ, ìdajì rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 18, ìdá kan nínú mẹ́ta sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún 14. JSS3 nìyẹn. Wọ́n tún ní nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro kan tó jẹ mọ́ ọpọlọ tàbí ọkàn. Kíláàsì yín jẹ́ 49. Ẹ fi 7 pín in. Òǹkà gbogbo ayé ni o, mi ò sọ pé méje gan-an ló jókòó síwájú yín. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òdo.

* * *

Ẹnì kan sọ nísàlẹ̀ ibí pé ìnákúnàá owó ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Mi ò lè bá a jà púpọ̀.

Mo lọ sí ọ̀kan rí ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse. Wọ́n fún wa ní báàgì, ìwé, bírò, ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú itan adìyẹ. Ọkùnrin kan dúró síwájú, ó ń ka orúkọ àìsàn fún wa láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ lọ wọ kíláàsì, ọmọ kan jágbe mọ́ ọn, òun náà dá a lóhùn pé, “Bipolar ni ẹ́.” Gbogbo kíláàsì gbé e. Títí ọmọ yẹn fi jáde SS3, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Ohun tá a mú bọ̀ láti Wuse nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹni tó máa dá yín lẹ́kọ̀ọ́ ní Sátidé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àìsàn, ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ ní kó kọ́ yín ní mẹ́ta péré: bí a ṣe ń wo ọmọ, bí a ṣe ń gbọ́ ọ, àti ẹni tí a máa fà á lé lọ́wọ́. Èmi kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. WHO ló tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé atọ́nà kan lọ́dún 2011, fún àwọn tó ń ṣèrànwọ́ níbi tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀. Tíṣà tó bá ti ṣe dúútì ọ́sítẹ̀lì rí mọ̀ pé àjálù kì í ṣe ti ogun àti omíyalé nìkan.

Gbígbọ́ ló le jù. Kò ṣeé fi slide kọ́, àfi kí ẹ ṣe é bí eré. Kí tíṣà Ìṣirò ṣe ọmọ, kí mátíróònù ṣe tíṣà. Nígbà tá a ṣe é lọ́dọ̀ wa, mo ní kí igbákejì pírínsípà wa gbọ́ “ọmọ” fún ìṣẹ́jú méjì láìdá sí i. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ló lò, ó ti ń sọ ìtàn bí òun ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé ní Ìkìrun.

* * *

Gbogbo yín ń sọ “òṣìṣẹ́”, tíṣà lẹ sì ní lọ́kàn. Ibẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí yín. Bí àyè ènìyàn mẹ́wàá péré bá wà nínú yàrá yẹn, ẹ jẹ́ kí mègádì, ẹni tó ń ta oúnjẹ, awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti mátíróònù jókòó kí tíṣà kankan tó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí, ìtìjú tèmi náà sì ni. Ọmọkùnrin kan wà ní SS1 wa tó ń sùn ní kíláàsì. Èmi yìí ni mo pè é síwájú gbogbo ilé-ìwé ní àsẹ́ńbìlì, mo ní kó wá ṣàlàyé irú oorun tó ń sùn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi èékánná ha bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ títí òwú fi já.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì lọ́dọ̀ wa wá bá mi. Ó ní, “Àǹtí, ọmọ tẹ́ ẹ pè jáde yẹn, ó ń ra oúnjẹ, kì í jẹ ẹ́ o. Á máa yí i kiri nínú abọ́, á wá gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti ń rí i. Mo lọ bi mègádì wa, ará Katsina ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ dé, kí aago mẹ́fà tó lù, tí á fẹ̀yìn ti ògiri títí wọ́n á fi ṣí kíláàsì. “Ba ya magana,” ló wí. Kì í sọ̀rọ̀.

Mègádì mọ̀. Olóúnjẹ mọ̀. Àwa tí fáìlì wà lọ́wọ́ wa ò mọ̀.

Mi ò pè é sí ọ́fíìsì, torí ọmọ tí wọ́n bá pè sí ọ́fíìsì ti mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. Mo gbé àga méjì lọ sábẹ́ igi dongoyárò tó wà lẹ́yìn lábù, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí àwa méjèèjì kọjú sí pápá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í lè sọ̀rọ̀ tí àgbà bá ń wò ó lójú kòrókòró. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, a tilẹ̀ ti kọ́ ọ pé kó má wojú àgbà. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo ṣe ní àsẹ́ńbìlì. Mo ní, “Mo rí i pé o kì í jẹun mọ́, o sì ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò bínú. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?” Mo wá pa ẹnu mi dé. Wọ́n lu aago, wọ́n pààrọ̀ kíláàsì, kò tíì sọ̀rọ̀. Nǹkan márùn-ún wà lẹ́nu mi tí mo fẹ́ sọ, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Àṣé wọ́n ti jí bàbá rẹ̀ gbé lójú ọ̀nà Kaduna lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n san owó, bàbá padà wálé, ṣùgbọ́n oorun ò padà. Gbogbo òru ló fi ń tan tọ́ọ̀ṣì kiri ilé, tó ń fa ilẹ̀kùn wò. Ọmọ yìí á sì bá a jókòó, kí bàbá má báa dá nìkan wà. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, á sáré kúrò nínú ilé náà.

Ó gba oṣù méjì ká tó rí bàbá mú lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Àbújá tó wà ní Gwagwalada. Ọmọ náà tún sùn ní kíláàsì fún sáà kan gbáko. A jẹ́ kó sùn.

* * *

Bàbá kan tó ní òun ti kọ́ni ní Nyanya fún ọgbọ̀n ọdún kọ̀wé pé: “Nígbà tiwa kò sí kánsẹ́lọ̀. Ẹgba ló tọ́ wa, àdúrà ló mú wa dúró.” Ọ̀pọ̀ yín sì ń kan sáárá sí i.

Bàbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹgba ò bà jẹ́ ló ń ròyìn ẹgba. Ẹ rántí ọmọ kíláàsì yín tó dédé fi ilé-ìwé sílẹ̀, tí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò sí lórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín láti wá sọ tiẹ̀.

Ti àdúrà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Níbi tá a wà yìí, kí òbí tó gbọ́ “ọsibítù”, ó ti dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí málàmù, tí wọ́n sì ti ní aljanu, àlùjọ̀nnú, ló wà nídìí ẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ní kí òbí yan ọ̀kan, wọ́n á mú ọmọ lọ, a ò sì ní rí i mọ́. Ẹ rántí Lambo wa, Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta. Láti 1954 ló ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn Arò máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yìí di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO. Bó bá lè bá babaláwo jókòó, èmi náà lè bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún òbí ni pé kí wọ́n gbàdúrà, ká sì jọ lọ rí dókítà ní Tọ́sìdeè. Ibi tí mo ti ń yarí ni tí wọ́n bá fẹ́ na ọmọ, kí wọ́n fi ebi pa á, tàbí kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Òfin wèrè tí òyìnbó ṣe lọ́dún 1916 la ṣì ń fà kiri títí di January 2023, nígbà tí Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Ó yẹ kí ẹni tó ń dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ ṣí òfin tuntun yìí fún wọn, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ dúró lé.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé-ìwé ìjọba ò ní kánsẹ́lọ̀, mo gbọ́. Ẹ pín pépà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àgbà kan nínú ilé-ìwé tí wọ́n lè sọ ìṣòro wọn fún. Ẹ mú ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí orúkọ wọn pọ̀ jù, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ rán lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ilé-ìwé. Lọ́dọ̀ wa, pírínsípà ò rí ìbò kan.

* * *

Ẹnì kan tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Gwarinpa béèrè pé: “Bí mo bá bi ọmọ bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, ṣé mi ò ní fi sí i lọ́kàn ni?”

Rárá o. Wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ló ń fún ọmọ ní àyè mí. Bí ẹ ṣe máa bi í ló wà. “O ò ní lọ ṣe nǹkan òmùgọ̀, àbí?” Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, ẹ ti dáhùn ẹ̀ fún un. Ẹ bi í tààrà: “Ṣé ó ń wá sí ọ lọ́kàn láti kú, tàbí láti pa ara rẹ?” Kí ohùn yín wà bí ìgbà tẹ́ ẹ ń bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ẹ má fún un ní owó kẹ̀kẹ́ kó máa lọ sílé. Ẹ pe òbí kó wá, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ sọ fún òbí kó kó oògùn àti apakòkòrò inú ilé kúrò níbi tọ́wọ́ lè tó. Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ pírínsípà lẹ́rù: òfin Penal Code tí à ń lò ní Àríwá àti Àbújá níbí, abala 231, ṣì sọ pé ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Nítorí ọlọ́pàá, wọ́n á bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tẹṣàn kọ́ lẹ ń gbé ọmọ lọ. Dókítà lẹ ń gbé e lọ bá.

Ẹ má sì dúró de ọ̀rọ̀ ńlá. Mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ kankan jókòó síwájú mi kó ní òun ní depression, àfi àwọn tó ti kà á lórí TikTok, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ti Yorùbá á ní, “Ó ti sú mi.” Ti Hausa á ní, “Na gaji.” Àwọn yòókù á ní, “I don tire.” Ìdánwò ló sú u ni, àbí ayé? Ẹ bi í.

* * *

Ìyá kan bínú sí mi gan-an nísàlẹ̀ ibí. Ó ní kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé ọmọ òun mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà fún oṣù méjì, kò sì sọ fún òun. Àwọn tíṣà bíi mélòó kan wá ń gbèjà kánsẹ́lọ̀, wọ́n ní àṣírí ni.

Èmi wà lẹ́yìn ìyá yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe pátápátá. Gbólóhùn tí tíṣà kò gbọdọ̀ sọ láé ni “Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.” Irọ́ ni. Ohun tí a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa ni: “Mi ò ní máa sọ ọ́ kiri. Àmọ́ bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tàbí bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ níkà, mo máa sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́, wàá sì kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó sọ.” Wọ́n há a sórí bíi Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run.

Ibi tí mi ò ti bá ìyá náà lọ: nígbà míì, inú ilé gan-an ni ìkà náà ti ń wá. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fi ìwé pe irú òbí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì ọmọ ti wà ní abúlé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 múlẹ̀ ní Àbújá, ó sì yẹ kí ilé-ìwé ti mọ ẹni tó máa kàn sí ní ọ́fíìsì ìdàgbàsókè àwùjọ kí ọ̀rọ̀ tó dé.

Ẹni tó ń tú àṣírí gan-an ni yàrá olùkọ́. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ láago mẹ́wàá, ọmọ JSS1 ti gbọ́ ọ kó tó di aago méjìlá. Tèmi wà nínú ìwé kan tí mo tì mọ́ dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi pẹ̀lú ti ilé. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ń gbé ìṣúra kiri.

* * *

Ẹni tó ní ká rántí pé Àríwá la wà, ó káre. Ẹ wo àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti jí ọmọ gbé: Chibok ní April 2014, ọmọbìnrin 276. Kankara ní December 2020. Jangebe ní February 2021. Àwọn tí òbí wọn sá wá láti Borno, tí wọ́n wá ń gbé níbí ní Àbújá, ń jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn tiwa. Bí jẹnẹrétọ̀ bá pariwo lójijì, ẹ wo ọmọ tó kọ́kọ́ wò fèrèsé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn tó ń ṣe ìdánrawò ààbò lójijì jà. Ilé-ìwé kan tí mo mọ̀ ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kó lè dà bí òótọ́. Wọ́n fọn fèrè, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé igi sáré wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin kan láti Borno wọ abẹ́ tábìlì, aago méjì ọ̀sán kọjá kó tó jáde. Kí ló kọ́ ọmọ yẹn? Ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ ṣe é ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ́ ijó, ẹ fi ọ̀nà àbájáde hàn wọ́n.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Físíìsì, mo ti rìn jìnnà sí yín. Ẹ lọ ní Sátidé, bó bá ṣeé ṣe fún yín. Ẹ jẹ́ kí alága wà nínú yàrá. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ fún mi ní Mọ́ńdè, ta ni mo máa mú un lọ bá, kí ni nọ́ńbà rẹ̀, ta ló sì máa san owó ọkọ̀?” Láti Lugbe, ẹ máa gba Giri kọjá kí ẹ tó dé Gwagwalada, kì í ṣe owó kékeré fún òbí tó ń ta ẹ̀fọ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà níbẹ̀. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí ó ní in kí wọ́n tó pín ráìsì.

Ẹ tún bi í nípa owó oṣù yín. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, mo sì ní ó tán. Ẹni tí onílé ń lé kò lè ráyè wo ọmọ tó ń yí oúnjẹ kiri nínú abọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè: Mo padà dé o. Mo bi í. Yàrá pa lọ́lọ́. Alága ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, ó sì fún wa ní nọ́ńbà kan lálẹ́ Sọ́ńdè. Owó oṣù ò tíì wọlé. Mègádì wa wà níbẹ̀, òun ló sọ̀rọ̀ jù. Ọmọ SS2 kan wà tí mo rò pé onígbèéraga ni, mègádì ní ẹkún ló máa ń sun nídìí ọgbà. Mo fẹ́ pè é sí lábù lọ́la lẹ́yìn kíláàsì.

* * *

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn lábù wà ní ṣíṣí. Ẹ sì gbé àga méjèèjì kọjú sí fèrèsé.